Ta Ló Kọ́kọ́ Gbọ́ Ewì Náà?

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó wá àléébù. Bí àwọn aránṣọ bá ti ran ṣẹ́ẹ̀tì tán, orí tábìlì tirẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí, kí wọ́n tó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n, kí wọ́n sì dì wọ́n sínú páálí. Yóò yí ṣẹ́ẹ̀tì síta-sínú, yóò fi ìka tọ ojú rírán láti abíyá dé ìsàlẹ̀, yóò na ọrùn rẹ̀, yóò fa bọ́tìnnì. Èyí tó bá dára, apá ọ̀tún. Èyí tí kò bá dára, ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Kì í ṣàlàyé, kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀. Àwọn aránṣọ sọ ọmọbìnrin náà ní Dá-a-padà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ọ̀gá ilé iṣẹ́ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó dá odindi ìdì kan padà. Máṣíìnì tí wọ́n fi rán an ń fò: ó rán ibì kan, ó fi ibì kan sílẹ̀. Aránṣọ tó ni ìdì náà sunkún lọ bá ọkùnrin tó ń tún máṣíìnì ṣe, ọkùnrin náà sì dé tòun ti irinṣẹ́ lọ́wọ́ àti ìbínú lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní máṣíìnì mi ń fò?"

"Èmi ni."

"Àná ni mo tún un ṣe."

"Ẹ tún un ṣe lónìí náà."

Àwọn aránṣọ bú sẹ́rìn-ín. Dá-a-padà kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ṣẹ́ẹ̀tì kan síta-sínú, ó mú ìka ọkùnrin náà, ó gbé e lé ojú rírán, ó sì fa aṣọ náà díẹ̀. Òwú já lábẹ́ ìka rẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Ó padà lọ tú máṣíìnì náà palẹ̀. Kí wọ́n tó ṣíwọ́, ó tún dé, òróró ti yí i lọ́wọ́. "Irin tó di abẹ́rẹ́ mú ló tẹ̀. Ojú ò lè rí i. Ẹ ṣeun."

Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ àléébù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Kò mọ ohun tí wọ́n ń fi dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn, ó bá ní, "Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa." Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ lọ, ó kọjá bọ̀, ó tún kọjá lọ. Kò sí máṣíìnì kankan ní apá ibẹ̀.

*

Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀ pé ọkùnrin tó ń tún máṣíìnì ṣe yìí ń kọ ewì. Ó máa ń kùn ún sábẹ́ ètè bó bá ń fi òróró sí máṣíìnì, àwọn aránṣọ sì ń pè é ní Akéwì, ìdajì iyì, ìdajì yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀ dópin.

Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kan, òun àti Dá-a-padà jókòó sórí àtẹ̀gùn tó wà lẹ́yìn yàrá ìkẹ́rùsí, ó sì fa bébà kan yọ lápò àyà.

"Kò tíì jinná o."

"Ẹ kà á."

Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Dá-a-padà wò ó. Ọwọ́ yìí kan náà ló ń ti ìṣó tín-ín-rín bọnú ihò láìwojú rẹ̀. Bébà lásán ló ń mì tìtì báyìí.

Akéwì kò mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba Dá-a-padà náà. Ṣáájú ọkùnrin yìí, awakọ̀ kan ti wá fẹ́ ẹ. Awakọ̀ náà dára, ó ń ṣàwàdà, ó sì mú ìlérí wá. Nígbà tó yá, ó ní òun ò lè ṣe é mọ́. "Tí mo bá ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ, ṣe ló ń dà bíi pé o ń wo ibi tí mo ti ya. Mi ò lè fẹ́ ẹni tó máa yí mi síta-sínú láràárọ̀." Ó lọ, kò sì wẹ̀yìn. Látọjọ́ náà ni Dá-a-padà ti pinnu pé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ni òun yóò máa fi ojú tó ń wá àléébù sílẹ̀ sí. Ẹni tí òun bá fẹ́ kò ní rí i lára òun láéláé.

Nítorí náà, nígbà tí Akéwì kà á tán, Dá-a-padà ti gbọ́ ibi tí ewì náà ti tiro. Ó gbọ́ ọ kedere, láàárín gan-an. Ó gbé òótọ́ náà mì.

"Ó dùn," ló wí. "Ó dùn gan-an ni."

Ọwọ́ ọkùnrin náà kò gbọ̀n mọ́. Dá-a-padà rò pé ayọ̀ ni. Akéwì ká bébà náà, ó fi í sápò. "Ẹ ṣeun."

Ó mú òmíràn wá, ó dùn. Ó tún mú òmíràn wá, ó dùn. Lẹ́yìn náà kò mú wá mọ́. Ohun tó ń dé ni ewì tí wọ́n ti tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìlú, tó mọ́ tónítóní. "Wò ó, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́." Dá-a-padà á yọ̀, á gé e, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀. Kò bi í pé ta ló gbọ́ ọ nígbà tó ṣì wà ní ìkọ̀kọ̀. Ìfẹ́ ti wọlé, wọn kì í pe ara wọn ní "ẹ" mọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà bi í bóyá yóò fẹ́ òun, kò jẹ́ kó parí ìbéèrè náà kó tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn nìkan ni ohun tó gbà láìyẹ̀ ẹ́ wò.

*

Ìyá Akéwì gba Dá-a-padà lálejò ní pálọ̀ rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ojú rẹ̀ mú.

"Ìwọ ni Dá-a-padà?"

"Èmi ni, mà."

"Kí lo ti dá padà fún ọmọ mi?"

"Kò sí, mà. Gbogbo ohun tó ń kọ ló dùn."

Ìyá wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wolẹ̀. "Hẹn-ẹ́n," ni ìyá wí. "Tíṣà kì í sọ bẹ́ẹ̀."

"Tíṣà wo, mà?"

"Kò sọ fún ọ?" Ìyá jókòó dáadáa. "Obìnrin tíṣà kan tí wọ́n jọ ń ṣẹgbẹ́ akéwì. Kò sí nǹkan tí ọmọ yìí kọ tí kì í ṣe Tíṣà ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Orí àga tó o jókòó sí yẹn ló ń jókòó sí, wọ́n á sì máa fa ọ̀rọ̀. Òun á ní, 'Ẹ nu eléyìí nù.' Ọmọ mi á ní òun ò nù ún. Nígbẹ̀yìn, á nù ún. Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń mú ọmọ mi dára sí i. Ẹni tó kàn ń kí i kú iṣẹ́, ó pọ̀ nígboro."

"Mọ́mì," ni Akéwì wí.

"Mo bú u ni?"

Ìbéèrè kan bọ́ lẹ́nu Dá-a-padà kó tó rí i dì mú. "Ṣé ó ní ọkọ, mà?"

"Tó bá lọ́kọ, ṣé màá máa sọ ọ́ fún ọ?"

Dá-a-padà àti Akéwì jáde sí òpópónà. Wọ́n rìn kọjá ilé ìtajà bàtà àti ilé onífọ́tò.

"Ẹgbẹ́ lásán ni," ni Akéwì wí.

"Mi ò bi ọ́ nípa ẹgbẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ òun lo kọ́kọ́ ń kà á fún?"

"Ìwọ náà ń gbọ́ ọ."

"Lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ̀ ọ́, tí wọ́n ti dì í sí páálí! Òun ń rí i nígbà tí òwú ṣì ń fà lára rẹ̀. Èmi ń gbà á bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù wá rajà."

"Tí mo bá kà á fún ọ, wàá ní ó dùn."

"Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Akéwì ń wá bí yóò ṣe ṣàlàyé, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ burúkú. "Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ kà á fún un, mi ò kì í lè jẹun. Àyà mi á máa já. Lọ́dọ̀ rẹ, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí."

Dá-a-padà dúró láàárín ọ̀nà. "Kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́ lọ́dọ̀ mi."

"Kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ nìyẹn."

"Bó o ṣe sọ ọ́ nìyẹn."

Ó dá nìkan rìn lọ sílé. Kì í ṣe ètè ló ń jowú, kì í ṣe ibùsùn. Bébà tí wọ́n ti fi gègé pupa fagi lé ló ń jowú. Ó wo àwọn ewì tó lẹ̀ mọ́ ògiri, tí wọ́n mọ́ bí aṣọ tuntun, ó sì rí i pé kò sí èyí tí ọwọ́ òun kàn nínú wọn. Ọwọ́ obìnrin mìíràn wà lára gbogbo wọn. Ó ti ń fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ sí yàrá òun.

*

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Dá-a-padà bá Akéwì lọ sí ẹgbẹ́. Kò gba àyè. Ó kàn wọ bàtà.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé ni wọ́n ń lò. Wọ́n to àga yíká, ọ̀kan ṣoṣo ló kọjú sí ògiri. Ẹni tó kọ ewì ló ń jókòó síbẹ̀. Òfin wọn le. Ẹni tó kọ ọ́ kì í ka ewì ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò kà á. Ẹni náà á kọjú sí ògiri, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀, títí olúkúlùkù á fi sọ ibi tí ewì náà ti dá òun dúró. Òfin kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò rántí sọ fún un.

Tíṣà ló ka ewì Akéwì. Ó ga, ó gbẹ, ó lo awò ojú. Kò rẹwà púpọ̀, ìyẹn gan-an ló ká Dá-a-padà lára, nítorí obìnrin arẹwà ló ti múra sílẹ̀ fún. Ó kà á lọ geerege. Kò dúró níbi tí ìwé kíkọ náà ti wọ́, kò kọsẹ̀ níbi tí wọ́n ti fagi lé ọ̀rọ̀. Ẹni tó ti kà á rí nìkan ló lè kà á bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bàbá agẹrun kan ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ́ jù. Nọ́ọ̀sì kan ní òun ò gbà pé ẹni tó ń sunkún á sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Tíṣà ní, "Ìlà tó kẹ́yìn ń ṣàlàyé ohun tá a ti gbọ́. Ẹ yọ ọ́." Ọrùn Akéwì ń làágùn níbi tó kọjú sí ògiri. Ara Dá-a-padà kò gbà á. Gbogbo wọn ló ń ti ọwọ́ bọ ọkùnrin òun lápò. Nígbà tó kàn án, ó dìde dúró.

"Èmi ò rí ibi tó ti ya. Ọkọ mi ló kọ ọ́. Ó dùn."

Ẹ̀rín bẹ́ nínú yàrá náà. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú ìgbálẹ̀ bọ̀, ó sì fi lé Dá-a-padà lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ má bínú. Òfin ilé ni. Ẹni tó bá ní 'ó dùn' ló ń gbálẹ̀. Èmi náà ti gbá a rí."

Dá-a-padà gbálẹ̀. Kí ni ì bá ṣe? "Ẹ gbẹ́sẹ̀," ló ń wí, ọkọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń gbé e. Nígbà tó dé ìdí àga tó kọjú sí ògiri, ó rí i pé èjìká Akéwì ń mì.

Níta, ó kọjú sí i. "O ń fi mí rẹ́rìn-ín."

"Mi ò rẹ́rìn-ín."

"Mo rí èjìká rẹ."

"Bó ṣe máa ń mì níbẹ̀ nìyẹn. Nígbà gbogbo."

"Kí ló wá dé tó o fi ń padà lọ?"

"Tí mo bá dìde lórí àga yẹn, mo máa ń mọ ohun tó kàn tí màá ṣe."

*

"Ìgbálẹ̀!" Oníbọ́tìnnì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń rán bọ́tìnnì ní ilé iṣẹ́, di tábìlì mú kó má bàa ṣubú. "O sì gbá a?"

"Kí ni ǹ bá ṣe?"

"Èmi ì bá gbá Tíṣà mọ́ ọn, kí n kó wọn dà sẹ́yìnkùlé." Ó nu ojú. "Ó dáa, jẹ́ kí n bi ọ́. Bọ́tìnnì tí mo rán lánàá, kí lo ṣe fún un?"

"Mo dá a padà. Ó tú."

"O ò sọ pé ó dùn?"

"Bọ́tìnnì ni. Ewì kọ́."

"Mo gbọ́. Èmi tí o ò fẹ́, ò ń sọ òótọ́ fún mi. Òun tó o fẹ́, ò ń bá a ṣeré ọmọdé."

"Awakọ̀ yẹn lọ, ṣé o gbàgbé ni? Tí eléyìí náà bá lọ ńkọ́?"

Àdúgbò Ìyá Akéwì ni Oníbọ́tìnnì ń gbé, òun ló sì ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ lọ, gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá ránṣẹ́. Ó ní òun ò tíì mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ọmọ òun fẹ́ dúró ka ewì níwájú ìlú ní ilé ìkàwé, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ rí bí ìyẹn yóò ṣe lọ."

"Kí nìyẹn kàn mí?"

"Ó ní lọ́jọ́ náà, gbogbo ayé á mọ ẹni tó wúlò fún ọmọ òun."

Dá-a-padà fa bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó já.

*

Dá-a-padà bá Tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Tíṣà nìkan ló kù nínú kíláàsì, ó ń máàkì ìwé.

"Ẹ jókòó."

"Mo dúró. Kí lẹ fẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi?"

"Ẹ ò tíì ṣègbéyàwó."

"Ẹ dá mi lóhùn."

Tíṣà dé gègé rẹ̀. Ó yọ awò kúrò lójú, ojú rẹ̀ sì kéré, ó rẹ̀ ẹ́. "Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò mọ̀, ẹ má sì sọ fún un. Mo mọ ibi tí gbogbo ìlà rẹ̀ ti já. Nínú gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan tó kọ nípa mi. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń rí, kéèyàn máa tún ewì tí wọ́n kọ fún obìnrin mìíràn ṣe? Èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi mú yín dára sí i. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Ìjà ni Dá-a-padà bá wá. Kò rí ẹni tí yóò bá jà. Ó wá ohun tó lè fi ṣe é ní ọgbẹ́, ó sì rí ọ̀kan.

"Tiyín ńkọ́? Mi ò rí yín lórí àga tó kọjú sí ògiri."

"Mi ò jókòó síbẹ̀ rí."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀rù." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye aago tó lù. "Mo ní ewì tó kún àpótí. Mo mọ ohun tí màá sọ sí i bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbé e jáde." Ó tún gbé awò sójú. "Èyí tó fẹ́ kà níwájú ìlú, mo ti gbọ́ ọ. Mi ò rí àléébù níbẹ̀. Ìyẹn ló ń dà mí láàmú. Ẹ lọ gbọ́ ọ fúnra yín."

*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkéwì náà, Akéwì dúró ní yàrá Dá-a-padà nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"Kà á fún mi."

"O máa gbọ́ ọ lọ́hùn-ún."

"Mi ò fẹ́ bá ìlú pín in. Kà á."

Ó kà á. Dá-a-padà di ojú.

"Ọwọ́ olólùfẹ́ mi rọ̀ bí aṣọ tuntun,
ohùn rẹ̀ ń tu ilé lára;
kò sí ohun tí mo gbé wá
tí kò fi ẹ̀rín gbà."

Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì tí Dá-a-padà máa ń sọ, "ó dùn", ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó fi eyín dì í mú.

"Tún un kà. Rọra."

Ó tún un kà. Dá-a-padà la ojú. "Ta ni obìnrin yìí?"

"Ìwọ ni."

"Irọ́ ni." Ó fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ ọkùnrin náà. "Fọwọ́ kàn án. Ṣé ó rọ̀? Ìwọ ti fi ọwọ́ tọ aṣọ tuntun láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ rí? Aṣọ tuntun ló sọ ọ́ di báyìí. 'Kò sí ohun tí mo gbé wá tí kò fi ẹ̀rín gbà.' Èmi? Lọ bi àwọn aránṣọ. Mo ti ń jowú Tíṣà lásán. Obìnrin inú bébà yìí gan-an ni orogún mi. Ẹ jọ ń gbé, o ò sì fi í hàn mí."

"Tíṣà gbọ́ ọ, kò rí àléébù."

"Tíṣà ò mọ ọwọ́ mi."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Ta ló wá fi í hàn mí? Ìwọ ni! Obìnrin tó ń jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn ni mo kọ. 'Ó dùn, ó dùn.' Mo fẹ́ ẹni tó mú ìka mi gbé e lé ojú rírán, ẹni yẹn ò sì padà wá mọ́. Mo wá a títí. Ohun tó o fún mi ni mo kọ!"

Dá-a-padà na ọwọ́ sí bébà náà.

"Òní lo wá rántí sọ òótọ́. Òní!" Akéwì rún bébà náà mọ́ ọwọ́, ó sì jáde.

Dá-a-padà gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Bí ẹsẹ̀ awakọ̀ yẹn ṣe dún náà nìyẹn. Ó jókòó. Ó bi ara rẹ̀ bóyá òun ì bá gbé òótọ́ náà mì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n rárá ni ìdáhùn rẹ̀. Òun kò lè wọ ilé ọkọ kí òun bá obìnrin ọlọ́wọ́ rírọ̀ níbẹ̀.

*

Ilé ìkàwé kún. Ìyá Akéwì jókòó níwájú, Tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dá-a-padà àti Oníbọ́tìnnì dúró sẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn.

Wọ́n pe Akéwì. Ó dìde, ó tú bébà tó ti rún. Láti ẹ̀yìn ilé pàápàá, wọ́n rí i pé ó ti fagi lé gbogbo rẹ̀ ká. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí bébà náà fi ń dún, gbogbo ènìyàn sì ń gbọ́ ọ. Kò sí ògiri tó lè kọjú sí. Ó kọjú sí wọn, ó kà á.

"Ọwọ́ tó le, tí òwú ti gé, tí abẹ́rẹ́ ti kọ,
ó ń rí nínú òkùnkùn aṣọ ohun tí ojú mi kò rí.
Mo tẹ́ ara mi sórí tábìlì rẹ̀.
Kó yí mi síta-sínú."

Àwọn ènìyàn ń retí ìyókù.

"Ó tán?" ni bàbá kan béèrè láàárín èrò.

"Ó tán, bàbá. Ìyókù ò tíì tó gbọ́."

"Torí èyí la ṣe wọ bàtà?"

Ẹ̀rín sọ. Akéwì dúró títí ẹ̀rín náà fi lọ tán, ó ní, "Ẹ ṣeun," ó sì sọ̀ kalẹ̀. Tíṣà ti yí orí sẹ́yìn. Ó wo Dá-a-padà, kì í ṣe ojú rẹ̀ ló wò, ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó wò ó pẹ́. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì jáde kí wọ́n tó pe akéwì tó kàn.

Ìyá bá Dá-a-padà lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló ba ewì yẹn jẹ́? Èyí tó kà fún mi nílé gùn, ó sì dùn. Ọwọ́ rírọ̀ wà níbẹ̀."

"Èmi ni, mà. Irọ́ ló wà níbẹ̀. Mo sọ fún un."

"Gbé ọwọ́ wá."

Ó gbé e fún un. Ìyá fi àtàǹpàkò tọ àtẹ́lẹwọ́ náà, ó yí i, ó wo orí ìka.

"Ó le o."

"Ó le, mà."

"Kí ló ṣe nígbà tó o sọ fún un?"

"Ó bínú, mà. Ó fi mí sílẹ̀ lọ."

"Ó bínú." Ìyá ń ro nǹkan, kò sì kánjú. "Òun àti Tíṣà á fa ọ̀rọ̀ títí, á rẹ́rìn-ín, á sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Kò tíì bínú sí i rí lójú mi." Kò tíì fi ọwọ́ náà sílẹ̀. "Ó sì bínú sí ọ, ó sì lọ ṣe ohun tó o wí." Ó wá fi í sílẹ̀. "Oníbọ́tìnnì, wá sìn mí délé. Mo ní ọjọ́ tí mo fẹ́ mú."

"Ọjọ́ wo, mà?" Oníbọ́tìnnì mọ̀ ọ́n, ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni.

"Má dá mi lágara."

Wọ́n lọ. Akéwì jáde wá, ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó jókòó sórí pèpéle.

"O gbọ́ bàbá yẹn?"

"Mo gbọ́."

"Ó dùn mí o."

"Ó yẹ kó dùn ọ́. Ó sọ òótọ́ díẹ̀. Ìlà kejì gùn, o mí láàárín rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn, má fọwọ́ kàn án."

Akéwì wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi bọ́ lójú. Ó fa gègé yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìlà kejì.

"Ta ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ?" ni Dá-a-padà béèrè.

"Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Orí àga níbí ni mo ti kọ ọ́."

"Èyí tó kàn ńkọ́?"

"Ìwọ ni."

"Kó tó jinná?"

"Ní tútù."

Ó jókòó tì í. Kò tíì tán nínú rẹ̀. "Obìnrin ọlọ́wọ́ rírọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Mo ti lé e lọ sílé bàbá ẹ̀."

"Ṣé ó sunkún?"

"Ó sunkún díẹ̀."

"Jẹ́ kó máa sunkún," ni Dá-a-padà wí, ó sì gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀.